Akọ̀wé Ilé-Ẹrù ní Ilẹ̀ Ìbíní: Láti Ughoton dé GRA

1.0 Ìfáàrà

Bí a bá ń sọ ìtàn òwò ilẹ̀ Ìbíní, orúkọ Ọba, ti ìjòyè àti ti òyìnbó oníṣòwò ni a máa ń dá. Ẹni tí ó ka ẹrù, tí ó wọ̀n ọ́n, tí ó sì kọ ọ́ sínú ìwé kí ó tó wọ ọkọ̀, a kì í sábà mẹ́nu bà á. Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú iṣẹ́ yìí ni pé ọwọ́ akọ̀wé ilé-ẹrù ni ẹ̀rí òwò wà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbà á síṣẹ́ ni ìwé rẹ̀ ń gbè lẹ́yìn.

2.0 Ughoton

Ní 1486 ni João Afonso de Aveiro, ará Potogí, dé Ìbíní. Lẹ́yìn èyí ni àwọn Potogí ní ilé òwò ní Ughoton tí í ṣe èbúté Ìbíní, kí wọ́n tó fi í sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Ata, aṣọ, ìlẹ̀kẹ̀, eyín erin àti ẹrú ni wọ́n ń wá. Nígbà tí ọkọ̀ São Miguel lọ sí odò Forcados ní 1522, akọ̀wé wà nínú rẹ̀ tí ń kọ ohun tí wọ́n rà sílẹ̀. Ènìyàn wà lára ohun tí ó kọ. Iye owó wọn ni ó jẹ ìwé náà lógún. Ẹkún wọn kò sí níbẹ̀.

Ìbíní náà kò fi òwò sílẹ̀ fún àlejò. Van Nyendael, ará Hóláńdì tí ó kọ̀wé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kejìdínlógún, jẹ́rìí pé ọwọ́ àwọn alágbàtà tí a yàn, tí wọ́n gbọ́ èdè Potogí díẹ̀, ni àlejò ti gbọ́dọ̀ rajà.

3.0 Sapele àti GRA

Lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ọba Ọvọnramwẹn ní 1897, agbára ti alágbàtà Ọba bọ́ sọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ òyìnbó. Ní 1929, díẹ̀ nínú wọn parapọ̀ di UAC. Èkùrọ́, rọ́bà àti gẹdú ń gba ọ̀nà Sapele lọ sí etí omi, akọ̀wé ni ó sì ń rán wọn lọ: yóò wọ̀n wọ́n, yóò kọ àmì sára wọn, yóò sì fi ìwé ẹrù lé awakọ̀ lọ́wọ́.

Iṣẹ́ yìí ní ewu tirẹ̀. Kí a tó fa kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, a ó gba owó ìdúró lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹrù bá dín, inú owó náà ni a ó ti yọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni rọ́bà tí kò tíì gbẹ dáadáa, bí ó bá pẹ́ ní sítọ́ọ̀, ìwọ̀n rẹ̀ yóò dín láìjẹ́ pé olè wọlé. Akọ̀wé tí ó ń bẹ̀rù gbèsè a máa fẹ́ fi òṣùwọ̀n rẹ́ àgbẹ̀ jẹ ṣáájú. Báyìí ni àdánù tí kò kan olówó ṣe ń sọ̀kalẹ̀ dé orí ẹni tí ó gbé ẹrù wá láti oko.

Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà Sapele yìí kan náà ni GRA Ìbíní wà, ibi tí ìjọba amúnisìn yà sọ́tọ̀ fún àwọn òyìnbó. Akọ̀wé lè gbé ìwé lọ fún ọ̀gá rẹ̀ níbẹ̀. Kò lè máa gbé ibẹ̀. Nígbà tí Ìbíní di olú-ìlú Ẹkùn Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn ní 1963, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n jẹ́ ọmọ ilẹ̀ yìí ni wọ́n wá ń gbé inú ilé wọ̀nyẹn.

4.0 Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé láti orí São Miguel títí dé sítọ́ọ̀ tí ń kó rọ́bà lọ sí Sapele, ohun tí olówó fẹ́ mọ̀ ni akọ̀wé ń kọ. Nítorí náà, òpìtàn tí ó bá ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ dúró lórí iye àpò nìkan. Kí ó bi ìwé náà léèrè: ta ni ó ni òṣùwọ̀n, ta ni ó sì san ohun tí ó dín?