Yemọja, Òkèrè àti Odò Ògùn: Ọ̀rọ̀ Ìfẹ́ nínú Ìtàn àti nínú Ọnà Igi

Nígbàtí ẹnikẹ́ni bá dá ọ̀rọ̀ ìfẹ́ àti ìfẹ́kúfẹ̃ sílẹ̀ lãrin àwa onígbàgbọ́, ilẹ̀ ni a máa nwò. A ó rò pé ọ̀rọ̀ àwọn kèfèrí ni, tàbí ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé tí nwọ́n ti ka ìwé àwọn ará Gíríkì àti ti Róòmù. Ṣùgbọ́n àwa tí a ngbé Adigbe yi kò ní láti rìn jìnnà kí a tó pàdé irú ìtàn bẹ̃. Odò Ògùn nṣàn kọjá nínú ìlú wa, ìtàn ìgbéyàwó kan ni a sì fi nsọ bí odò nã ti ṣe bẹ̀rẹ̀. (Kí ẹ máṣe ṣi orúkọ rẹ̀ pè. Ògùn ni odò. Ògún ni òrìṣà irin. Ẹnití kò gbọ́ èdè wa a máa da àwọn méjèjì pọ̀.)

Ìtàn nã ni èyí, gẹ́gẹ́ bí Pierre Verger ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ará Faransé ni ọkùnrin yi, a bí i ní Paris ní 1902. Bahia ní ilẹ̀ Brazil ni ó fi ṣe ilé títí ó fi kú ní 1996, ó sì nlọ ó nbọ̀ sí ilẹ̀ Yorùbá fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún. Ó wí pé Yemọja, ọmọ Olókun, ti kọ́kọ́ ṣe aya Olófin ní Ilé-Ifẹ̀, ó sì bí ọmọ mẹ́wã fún un. Nítorí àwọn ọmọ tí ó ti fún li ọyàn, ọyàn rẹ̀ di nlá púpọ̀. Nígbàtí ilé ọkọ sú u, ó gba ìhà ìwọ̀-õrùn lọ, ó sì dé Abẹ́òkúta. Ẹwà rẹ̀ kò ṣá. Òkèrè, ọba Ṣakí, rí i, ó sì wù ú láti fi í ṣe aya. Yemọja gbà, ṣùgbọ́n ó bá a dá májẹ̀mú kan ṣoṣo: kò gbọdọ̀ fi ọyàn òun ṣe ẹlẹ́yà láé. Òkèrè gbà bẹ̃, ó sì nbu ọlá fún un. Ó di ọjọ́ kan, Òkèrè mu ẹmu yó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gún mọ́ bí ó ti nwọlé bọ̀. Ó kọlu aya rẹ̀, aya rẹ̀ sì pè é ní ọ̀mùtí. Inú bí i, ó sì sọ ọ̀rọ̀ tí ó ti ṣe ìlérí pé òun kì yíò sọ.

Yemọja kò dúró jà. Ó sá. Ìgò õgùn kan tí Olókun ti fi lé e lọ́wọ́ nítorí ọjọ́ ewu wà lára rẹ̀. Bí ó ti nsáré, ó kọsẹ̀, ìgò nã fọ́, omi sì tú jáde, ó di odò, ó ngbé e lọ sínú òkun lọ́dọ̀ òbí rẹ̀. Òkèrè kò fẹ́ kí ó lọ. Ó sọ ara rẹ̀ di òkè, ó sì dínà. Odò yà sí ọ̀tún, òkè yà sí ọ̀tún. Odò yà sí òsì, òkè yà sí òsì. Nígbànã ni obìrin yi ké pe Ṣàngó ọmọ rẹ̀. Ãrá sán, òkè là sí méjì, odò sì gba ãrin rẹ̀ kọjá.

Ẹ wo bí ìtàn yi ti mọ ilẹ̀ tó. Ìhà Ṣakí ni Ògùn ti ṣẹ̀ wá, ó gba Abẹ́òkúta kọjá, inú ọ̀sà ìhà Èkó ni ó sì nwọ̀. Òkèrè sì ni orúkọ oyè ọba Ṣakí títí di òní. Ẹ sì tún wo ohun tí ó tú ilé nã ká. Òkèrè kò lu aya rẹ̀. Ìtàn kò wí pé ó mú obìrin míràn wọlé tì í. Kò ṣe aláìfẹ́ ẹ, nítorí ẹnití kò fẹ́ni kì í sọ ara rẹ̀ di òkúta nítorí ẹni. Ọ̀rọ̀ ẹnu kan péré ni. Àwa tí a ti jókò lãrin tọkọtaya tí njà mọ̀ pé òtítọ́ ni èyí: a lè mú ebi mọ́ra, ṣùgbọ́n ẹ̀gàn tí ọkọ bá fi ara aya rẹ̀ gàn án kì í kúrò nínú rẹ̀ bọ̀rọ̀.

Ìtàn míràn wà, òun ni ó sì kọ́kọ́ wọ inú ìwé àwọn òyìnbó. Noël Baudin, àlùfã ìjọ Àgùdà, ni ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní èdè Faransé ní 1884, A. B. Ellis, ọ̀gágun òyìnbó kan, tún un sọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1894. Nínú èyí, Yemọja bí Òrungan fún Aganjú, ọmọ yi sì fi ipá bá ìyá rẹ̀ lòpọ̀. Ìyá sá, ọmọ nlé e. Nígbàtí ó kù díẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ìyá ṣubú, omi ṣàn láti ọyàn rẹ̀, ara rẹ̀ wú, ó bẹ́, àwọn òrìṣà sì jáde láti inú rẹ̀. Ellis tilẹ̀ wí pé láti inú wíwú nã ni a ti rí orúkọ Ifẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Yorùbá, ẹ fúnra yín ẹ rò ó.

Verger bá ìtàn kejì yi jiyàn gidigidi, ó sì fihàn pé ẹnìkan kọ ọ́, àwọn yókù sì nda á kọ láti inú ìwé sí ìwé. Àwa pẹ̀lú rò pé ẹjọ́ rẹ̀ tọ́. A kò wí bẹ̃ nítorípé ìtàn nã burú. Àwọn baba wa kò pa ohun búburú mọ́ fún wa. Àwọn ni nwọ́n sọ fún wa bí Ọbà ti gé etí ara rẹ̀ sínú ọbẹ̀ fún Ṣàngó, nítorí ẹ̀tàn Ọ̀ṣun orogún rẹ̀, tí odò àwọn méjèjì fi nbínú sí ara wọn níbi tí nwọ́n gbé pàdé. Ohun tí ó mú wa ṣiyèméjì ni pé ìtàn Òrungan kò ní ọ̀nà, kò ní òkè, kò ní ọba, kò ní májẹ̀mú. Obìrin tí ó wà nínú rẹ̀ kò sọ ọ̀rọ̀ kan. Ó sì jọ ìwé ilẹ̀ òkèrè púpọ̀. Ovid, akéwì Róòmù, tí ó parí ìwé nlá rẹ̀ ní nkan bí ọdún 8 lẹ́hìn ikú Olúwa wa—a ṣì í sọ, lẹ́hìn ìbí Olúwa wa ni—sọ nípa Arethusa, wúndíá tí Alpheus, òrìṣà odò, nlé kiri, tí a sì sọ di ìsun omi kí ó lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé etí tí ó ti kún fún irú ìtàn bẹ̃ ni Baudin àti Ellis fi gbọ́ tiwa.

Síbẹ̀, a kò gbọdọ̀ ka ìtàn Òkèrè sí àtayébáyé láìwádĩ. Ní 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀dó sí abẹ́ Olúmọ, tí Ṣódẹkẹ́ ṣe olórí wọn. Ẹnití ó bá wí pé Yemọja dé Abẹ́òkúta nsọ̀rọ̀ lẹ́hìn ọdún nã, tàbí kí ó ti fi orúkọ titun rọ́pò ti àtijọ́. Verger wí pé odò kan wà lãrin Ifẹ̀ àti Ìbàdàn tí a npè ní Yemọja, ẹ̀bá rẹ̀ ni àwọn Ẹ̀gbá tí nsìn ín ngbé rí. Nígbàtí ogun lé wọn kúrò, nwọ́n kó ohun ìsìn wọn dání, nwọ́n sì fi odò Ògùn ṣe ilé titun fún un. Bí èyí bá rí bẹ̃, àwọn tí ogun ti lé kúrò ní ilé wọn ni nwọ́n nsọ ìtàn obìrin tí ó sá kúrò ní ilé ọkọ lẹ́ẹ̀mejì. Kò yà wá lẹ́nu pé nwọ́n fẹ́ràn rẹ̀.

Ní Ìbarà, tí kò jìnnà sí wa, ni ilé òrìṣà rẹ̀ tí ó ṣe pàtàkì jùlọ wà, gẹ́gẹ́ bí Verger ti kọ. A kò pè yín lọ síbẹ̀ láti bọ ohunkóhun. Ère tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà fi nṣe àpẹẹrẹ rẹ̀ ni a fẹ́ kí ẹ rò: abiyamọ ni, àgbà obìrin, ọyàn rẹ̀ sì tóbi, ó hàn gbangba. Ohun tí ọkọ fi ṣe ẹlẹ́yà nígbàtí ẹmu npa á ni agbẹ́gilére fi ọbẹ rẹ̀ bu ọlá fún. Ẹnikẹ́ni tí ó bá wí pé kò yẹ kí onígbàgbọ́ wo irú nkan bẹ̃, kí ó lọ ka Orin Sólómọ́nì nínú Bíbélì Yorùbá tí a tẹ̀ pé ní 1884. Kò fi ọyàn ìyàwó pamọ́ fún wa.

Àwọn ará Yúróòpù yàn li ọ̀nà míràn. Hesiod ará Gíríkì wí pé láti inú ìfófó òkun ni Aphrodite, òrìṣà ìfẹ́ wọn, ti jáde. Nígbàtí Botticelli sì kun àwòrán rẹ̀ ní Florence ní nkan bí 1485, wúndíá tẹ́ẹ́rẹ́ onírun gígùn ni ó kùn, tí ó dúró lórí ìkarahun, tí kò fún ọmọ kankan li ọyàn rí.

Ọ̀nà méjèjì yi pàdé ní Brazil. Àwọn ènìà wa tí a kó lẹ́rú lọ ni nwọ́n gbé Yemọja débẹ̀, ó sì kúrò ní odò, ó di ti òkun. Ní ọjọ́ kejì oṣù Fébúárì lọ́dọ̃dún, ní Rio Vermelho ní ìlú Salvador, àwọn apẹja àti ogunlọ́gọ̀ ènìà a máa gbé agbọ̀n òdòdó, dígí, ìyarun àti lọ́fíńdà lọ sí ojú omi fún un. Àwòrán rẹ̀ tí nwọ́n ntà níbẹ̀ ni ti ọmọge funfun kan, tí irun rẹ̀ gùn dé ìdí, tí ìrù ẹja sì wà lára rẹ̀ nígbà míràn. Ó lẹ́wà. Nínú àwòrán nã, kò sí ohun kan tí Òkèrè ìbá fi ṣe ẹlẹ́yà.