Eegun Ọkọ̀ ní Ògùnpa

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Òwe yìí ni ó máa ń sọ sí mi lọ́kàn bí mo bá rántí àwọn ajórin tí mo mọ̀ ní Ògùnpa, àwọn tí a ń pè ní wẹ́dà. Iṣẹ́ ilé kíkọ́ kọ́ ni tiwọn. Eegun ọkọ̀ ni wọ́n ń tò. Síbẹ̀, ẹ̀mí ènìyàn wà lọ́wọ́ wọn bí ó ti wà lọ́wọ́ ẹni tí ń mọlé.

Ojú irin dé Ìbàdàn láti Èkó ní 1901. Ní nǹkan bí 1906, wọ́n la ọ̀nà ọkọ̀ láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́. Nígbà tí kòkó gbilẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù di ohun àmúṣọrọ̀, àwọn oníṣòwò ńlá bí Olóyè Salami Agbájé, tí ó kú ní 1953, sì fi owó sí i. Ní 1931 ni ilé iṣẹ́ Vauxhall ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n sọ ní Bedford. Kò sí ọmọ ìgbà náà tí kò mọ orúkọ yìí.

Ìhòòhò ni púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ náà ń ti òkè òkun bọ̀. Ẹ́ńjìnnì, ẹsẹ̀ àti ṣásì ni wọ́n ń kó wá. Ṣásì yìí jẹ́ irin gbọọrọ méjì tí a fi àwọn irin ìdábùú so pọ̀ bí àkàsọ̀. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wa ni wọ́n ń kan pákó lé e lórí tí ó fi ń di bọ́lẹ̀kájà. Ọgbọ́n wà nínú èyí. Pákó máa ń fàyè sílẹ̀ díẹ̀, irin ìdábùú náà a sì máa fàyè sílẹ̀ díẹ̀ níbi tí wọ́n ti fi ìṣó kàn án pọ̀. Bí ẹsẹ̀ kan bá kó sí kòtò, gbogbo ara ọkọ̀ a lọ́ díẹ̀, a sì padà sí ipò rẹ̀. Ẹni tí ó bá rò pé líle nìkan ni agbára kò tíì mọ ohun tí ó gbé ọkọ̀ náà ró.

Ṣùgbọ́n ẹrù wúwo, ọ̀nà kò sì dára. Àwọn ọlọ́kọ̀ mìíràn tilẹ̀ ń gé ṣásì lẹ́yìn ibi tí awakọ̀ ń jókòó, wọ́n ń fi irin mú un gùn sí i kí èrò lè pọ̀. Nígbà tí irin bá là, ajórin ni yóò yan irin àfikún tí a ó jó mọ́ ọn. Ibí yìí ni a ti ń mọ ọ̀gá yàtọ̀ sí ọmọ iṣẹ́. Lákọ̀ọ́kọ́, ọ̀gá kì í mú irin tí ó nípọn ju ṣásì fúnra rẹ̀ lọ. Lẹ́ẹ̀kejì, kì í gé ẹnu irin náà ní ọ̀gbọọrọ. Ṣe ni ó ń dá a ní ìdàgẹ̀rẹ̀ bí ẹnu gègé, nítorí pé ibi tí irin líle bá ti dópin lójijì ni irin tí ó rọ̀ yóò tún ti là. Lẹ́ẹ̀kẹta, kì í jó etí ìsàlẹ̀ ṣásì ní ìdábùú, nítorí ibẹ̀ ni ẹrù ń fà jù lọ. Kí ó tó jó o rárá, yóò lu ihò kékeré sí ibi tí ojú lílà náà parí sí, kí ó má baà sáré síwájú.

Ní 1975, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ Peugeot pọ̀ ní Kàdúná, irú eegun mìíràn sì gbòde. Peugeot 504 kò ní ṣásì lọ́tọ̀. Ara rẹ̀ gan-an ni eegun rẹ̀. Irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a ká bí àpótí lábẹ́ ilẹ̀kùn wà lára ohun tí ó gbé e dúró. Omi ni ọ̀tá irú eegun bẹ́ẹ̀. Gbogbo wa ni a rántí omíyalé 31 Oṣù Kẹjọ 1980, nígbà tí odò Ògùnpa gbé ilé, ọkọ̀ àti ènìyàn lọ. Ṣùgbọ́n omi mìíràn wà tí kì í pariwo: èyí tí ń wọ inú àpótí irin náà díẹ̀díẹ̀, tí ń jẹ ẹ́ láti inú.

Ó ṣe ọkọ̀ tèmi. Ẹni tí ó kọ́kọ́ tún un ṣe jó irin onígun tí ó nípọn mọ́ ọn, inú mi sì dùn pé ó ti le koko. Kò tó ọdún kan tí irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fi ya, tí ilẹ̀kùn kò sì pa dé mọ́. Mo gbé e lọ bá bàbá ajórin kan ní Ògùnpa. Ó dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀, ó ní, “Tíṣà, irin yìí lágbára ju ẹni tí ó wá ràn lọ́wọ́ lọ.”

Bàbá náà kò sáré gé nǹkan kan. Ó fi igi ti ọkọ̀ náà sókè títí ó fi tẹ́jú, ó jó ọ̀pá irin ìgbà díẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ilẹ̀kùn kí ó má baà sún mọ́ra, lẹ́yìn náà ni ó gé ibi tí ó ti jẹrà dànù. Irin tí ó fi dípò rẹ̀ kò nípọn ju ti àtètèkọ́ṣe lọ. Ó ká a bí àpótí, ó sì dé e pa, nítorí pé àpótí tí a dé kì í lọ́ bọ̀rọ̀ bí irin tí ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ó ń jó o díẹ̀díẹ̀, ó ń sinmi, kí ooru má baà ká a kò.

Lẹ́yìn náà ni mo kà nípa ọkọ̀ eré ìje ayé àtijọ́ kan tí wọ́n ń pè ní MGB, tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1962 sí 1980. Èyí tí kò ní òrùlé nínú wọn, abẹ́ ilẹ̀kùn ni ó gbẹ́kẹ̀ lé. Bí àwọn tí ń tún un ṣe lọ́hùn-ún ṣe ń tẹ́ ẹ, tí wọ́n ń fi ọ̀pá ti ẹnu ọ̀nà kí wọ́n tó gé e, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni bàbá náà ṣe ṣe é lójú mi. Kò ka ìwé kankan nípa rẹ̀. Lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ ni ó ti kọ́ ọ.

Nítorí náà ni mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Irin tí a fi kún irin gbọ́dọ̀ mọ ìwọ̀n ẹni tí ó wá ràn lọ́wọ́. Ọjọ́ tí bàbá náà parí iṣẹ́, ó ní kí n ti ilẹ̀kùn. Ìka kan ni mo fi tì í, ó sì pa dé.