Àwa Tí A Sá Kúrò l'Ékòó

Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, 29 oṣù Kẹta 2020, Ààrẹ Buhari kéde pé kónílé-ó-gbélé yóò bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, Ògùn àti Àbújá láti aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ Ajé, fún ọjọ́ 14. Kí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé tó mọ́ dáadáa, àwa mẹ́ta, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, ti wà ní gáréèjì pẹ̀lú báàgì àti kọ̀ǹpútà wa. Kíkọ ètò kọ̀ǹpútà ni iṣẹ́ wa, ibi tí nẹ́tíwọọ̀kì bá ti wà la ti lè ṣe é. Kí la tún fẹ́ jókòó ṣe nínú yàrá kan l'Ékòó? Mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n tò wá sórí ìjókòó bọ́ọ̀sì. Ẹnì kan ń wúkọ́ lẹ́yìn, gbogbo wa sì ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ọ̀wọ̀, Ọ̀bà, Àkùngbá, Ìkàrẹ́. Bí a ṣe rí àwọn òkè ilé wa báyìí, ọkàn wa balẹ̀.

Ìtàn ló kọ́kọ́ da ọkàn náà rú. Ní 14 oṣù Kẹsàn-án 1918, ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ SS Bida gúnlẹ̀ sí Èkó láti Gold Coast, tí a ń pè ní Ghana lónìí. Àwọn tó ní àrùn ìnfúlúẹ́ńsà wà nínú rẹ̀. Ìjọba rán àwọn wolé-wolé kiri ojúlé láti wá aláìsàn jáde. Kí làwọn èèyàn ṣe? Wọ́n fi aláìsàn wọn pamọ́, ọ̀pọ̀ sì sá kúrò nílùú. Ọkọ̀ ojú irin gbé àrùn náà gba Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn lọ sí Òkè Ọya. Ibi tí ojú irin kò dé ńkọ́? Ẹsẹ̀ àwọn tó ń sá dé ibẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìtàn fojú bù ú pé nǹkan bíi 500,000 èèyàn ló kú ní Nàìjíríà láàárín oṣù díẹ̀.

Ọdún 102 lẹ́yìn náà, àwa náà la wà nínú bọ́ọ̀sì yẹn. Àwa tí a mọ bí fáírọ́ọ̀sì ṣe ń ti orí kọ̀ǹpútà kan bọ́ sórí èkejì, tí a máa ń já ẹ̀rọ tó bá ti kó o kúrò lórí nẹ́tíwọọ̀kì kíákíá! A kò tilẹ̀ rò ó pé àwa gan-an lè jẹ́ ẹ̀rọ náà.

Màmá wa ló rò ó. Ẹnu ọ̀nà ló ti dá wa dúró: "Ẹ má wọlé wá bá mi o. Ẹ gba ẹ̀yìn, omi ti wà ní balùwẹ̀." Yàrá ẹ̀yìn la sùn fún ọjọ́ 14, ẹnu ilẹ̀kùn ló ń gbé oúnjẹ wa sí. Kì í ṣe kọ̀rónà ló kọ́ ọ. Ọmọ Ọ̀kà ni, gàrí ló ń tà, ibà Lassa ló ti kọ́ ọ.

Ọdún 1969 ni wọ́n kọ́kọ́ dá ibà yìí mọ̀, ìlú Lassa ní ìpínlẹ̀ Borno ló sì fún un lórúkọ. Lọ́dún 2020 yẹn kan náà, àwọn tí àyẹ̀wò fi hàn pé ó mú ní Nàìjíríà ju 1,000 lọ, ìpínlẹ̀ Oǹdó àti Ẹdó ló sì kó èyí tó pọ̀ jù. Ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn Àkókó, tí Ọ̀kà jẹ́ olú rẹ̀, wà lára ibi tó ti ń jà. Eku ló ń gbé e kiri: tí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ rẹ̀ bá kan oúnjẹ, wàhálà dé. Ìdí nìyẹn tí Màmá kì í fi í sá gàrí sí ẹ̀bá títì, tí gbogbo ike rẹ̀ sì ní ìdérí. Rédíò ń pariwo pé ká jókòó sílé, ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹni tó kó gàrí àti ìrẹsì oṣù kan jọ tí kò dé e, eku ló ń pè wá bá a jókòó.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ara àbúrò wa gbóná, orí ń fọ́ ọ. Ṣé ibà lásán ni, àbí Lassa, àbí kọ̀rónà? Bákan náà ni gbogbo wọn máa ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa ni pé, "Kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ o." Ẹ wò ó, ohun tí àwọn ará Èkó ṣe ní 1918 gẹ́lẹ́ la fẹ́ ṣe. Màmá ò gbà. Ó pe nọ́ọ̀sì kan ládùúgbò, ìyẹn wọ ìbòmú àti ìbọ̀wọ́, ó gba ẹ̀jẹ̀ ní ìka rẹ̀, ó ní ibà ẹ̀fọn ni. Ó fún un lóògùn, ó wá kìlọ̀ pé bí ara kò bá tutù láàárín ọjọ́ méjì, ká gbé e lọ sí ọsibítù, ká má fi oògùn ibà mìíràn fa ọjọ́. Alẹ́ kejì ni ara náà tutù. A kò tíì lè bá ara wa sọ ẹ̀rù alẹ́ méjì yẹn tán.

Ní 3 oṣù Kẹrin ni wọ́n kéde ẹni àkọ́kọ́ tó ní kọ̀rónà ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ṣọ́jà kan tó ti Íńdíà dé. Àwọn kan ṣì ń sọ pé àìsàn olówó ni. Ní 2 oṣù Keje, ó pa Dókítà Wahab Adegbenro, kọmíṣánnà ètò ìlera ìpínlẹ̀ náà fúnra rẹ̀. Ẹnu wọn wọhò.

Ní ti ọkàn, WhatsApp ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ba tiwa jẹ́: ẹ fi omi iyọ̀ wẹ̀, ẹ gbé chloroquine mì. Màmá ní tí a bá ti jẹun alẹ́, ká pa dátà, kí kálukú pe ẹnì kan tó ń dá gbé. Ọ̀rẹ́ wa kan ní yunifásítì Àkùngbá, tí wọ́n ti lé wálé, máa ń sunkún lórí fóònù. A kàn ń gbọ́ ọ ni.

Nígbà tí ọjọ́ 14 pé, a lọ kí Ìyá àgbà l'Ọ́kà. Ó ti gbé omi àti ọṣẹ dúdú síwájú ilé. A fọwọ́, a dọ̀bálẹ̀ lókèèrè. Ó wò wá títí, ó ní, "Nínú ọkọ̀ tó gbé yín wá lọ́jọ́ yẹn, ṣé ẹnì kankan wúkọ́?"

A wo ara wa lójú. Ẹ̀gbọ́n wa ló dáhùn.