Gírámà, Máàkì àti Èdè Ìkọ́ni: Àyẹ̀wò Àríyànjiyàn Kan láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Àkúrẹ́

Ní Under G, ládùúgbò Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Ládòkè Akíntọ́lá ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó ṣọ̀wọ́n kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ gbólóhùn mẹ́ta léraléra ní èdè kan ṣoṣo. Yorùbá ni wọ́n fi ń ná ọjà, àmúlùmálà Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń jiyàn lórí ìṣirò, pijin sì wà fún ẹ̀fẹ̀. Kò sẹ́ni tí èyí ń bí nínú. Àmọ́ bí gbàgàùn kan bá já bọ́ lẹ́nu ẹnìkan nínú Gẹ̀ẹ́sì, ariwo á ta. Ẹni tó bá kọ orúkọ ìlú náà ní Ogbomosho, tó fi àmì ohùn sílẹ̀ pátápátá, kò ní gbọ́ ẹ̀rín ẹnikẹ́ni.

Ìgbàgbọ́ kan ló wà nídìí ẹ̀rín yẹn: pé ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ já gaara ni ìwé wọ̀ lórí, ẹni tí tirẹ̀ kò já gaara, olódo ni. Ìgbàgbọ́ náà ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ tipẹ́. Ó ti dé tábìlì àwọn mínísítà, ó sì ti di òfin tí ilé ìwé gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé. Àpilẹ̀kọ yìí ń tọpa àríyànjiyàn náà. Ohun tí ó fẹ́ fi hàn ni pé àwọn tó ń fi máàkì ìdánwò dá èdè abínibí lẹ́bi ń ka máàkì nìkan ni. Wọn kì í bi ọmọ tó gba máàkì náà pé èdè wo ni wọ́n fi kọ́ ọ.

Ògbómọ̀ṣọ́ kì í ṣe àjèjì sí ọ̀rọ̀ gírámà. Ọdún 1855 ni Thomas Jefferson Bowen, míṣọ́nnárì Ìjọ Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, dé ìlú náà. Sójà ni kó tó di oníwàásù. Ní 1858, ilé iṣẹ́ Smithsonian ní Washington tẹ ìwé gírámà àti atúmọ̀ èdè Yorùbá rẹ̀ jáde. Ṣáájú rẹ̀, Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, ti ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821. Ó wà lára àwọn àkọ́kọ́ tó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì Fourah Bay ní 1827. Ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843, gírámà rẹ̀ sì tẹ̀ lé e ní 1852. Nígbà tí àwọn míṣọ́n pàdé ní Èkó ní 1875 láti fi ẹnu kò lórí àkọtọ́, ìjà lórí bí a ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá ti gbó. Kò sì tán níbẹ̀: ìgbìmọ̀ tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn gbé kalẹ̀ ní 1966 tún gbé e yẹ̀ wò, àtúnṣe tí ìjọba fi òǹtẹ̀ lù ní 1974 ló sọ “aiye” di “ayé”. Àwọn àgbà kan ṣì ń kọ “aiye” títí dòní, ta ni yóò mú wọn?

Ọ̀yọ́ ní ìpín tirẹ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ti St Andrew’s, tó fìdí múlẹ̀ níbẹ̀ ní 1896, ni D. O. Fágúnwà ti kọ́ṣẹ́, ibẹ̀ náà sì ni Ayọ̀ Bámgbóṣé gbà kọjá kó tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ẹ̀dá èdè. Ìwé gírámà Yorùbá tí Bámgbóṣé kọ jáde ní Cambridge ní 1966. Ti Ọládélé Awóbùlúyì jáde ní 1978. Àwọn méjèèjì kò gbà fún ara wọn lórí ọ̀pọ̀ nǹkan. Ẹ wo ohùn òkè tó máa ń gorí sílébù ìkẹyìn olùwà nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, tí “ọmọ” fi ń di “ọmọ́” nínú “Ọmọ́ lọ”. Àwọn onímọ̀ kan ní ìsopọ̀ olùwà mọ́ ọ̀rọ̀ ìṣe ni. Àwọn mìíràn ní àsìkò ni ó ń tọ́ka sí. Ó ti tó ogójì ọdún tí wọ́n ti ń fà á, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó pe ẹnìkejì ní olódo. Gbólóhùn ni wọ́n ń kó jọ, ẹ̀ka èdè ni wọ́n ń fi wéra. Irú àríyànjiyàn gírámà bẹ́ẹ̀ kì í dé Under G.

Èyí tó ń dé ibẹ̀ ti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wá. Ìran mẹ́ta ọmọ Yorùbá, ó kéré tán, ló mọ ìtúmọ̀ “fanákúlà”: owó ìtanràn, pátákó tí wọ́n ń so mọ́ ọmọ lọ́rùn, tàbí ẹgba, nítorí pé ó bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ èdè ìyá rẹ̀ lákòókò ìsinmi. Ọ̀pọ̀ òbí tó jìyà yìí ló ń sanwó ilé ìwé aládàáni lónìí kí wọ́n lè fi irú rẹ̀ jẹ ọmọ tiwọn.

Ìwádìí kan wà tó yẹ kó ti dá àríyànjiyàn yìí dúró. Ní 1970, Babátúndé Fáfúnwà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé ìwé St Stephen’s “A” ní Modákẹ́kẹ́, àjọ Ford Foundation sì fi owó ràn wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n pín àwọn kíláàsì sí ọ̀nà méjì. Apá kan fi Yorùbá kọ́ ohun gbogbo fún ọdún mẹ́fà, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàrin iṣẹ́, tí olùkọ́ tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ ní pàtó ń kọ́ wọn. Apá kejì tẹ̀ lé àṣà tó ti wà nílẹ̀: Yorùbá fún ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, Gẹ̀ẹ́sì fún mẹ́ta tó kù. Iṣẹ́ ọ̀hún kò rọrùn, nítorí kò sí ìwé. Wọ́n ní láti kọ ìwé ìṣirò, ti sáyẹ́ǹsì àti ti ẹ̀kọ́ ìgbé-ayé ẹ̀dá láwùjọ fúnra wọn, kí wọ́n sì ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún ohun tí Yorùbá kò tíì ní orúkọ fún nínú kíláàsì.

Àbọ̀ ìwádìí náà ní àwọn ọmọ tó fi Yorùbá kàwé kò gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ nínú àwọn iṣẹ́ yòókù. Àwọn alátakò ní èsì kan tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: àwọn ọmọ yẹn ní ìwé tuntun, wọ́n sì ní olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì pàtàkì, báwo la ṣe mọ̀ pé Yorùbá ló ràn wọ́n lọ́wọ́? Ìbéèrè gidi ni. Ṣùgbọ́n bí a bá gbà á tọkàntọkàn, ibi tó ń gbé wa lọ ni pé olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó mọṣẹ́, tó ń kọ́ni fún wákàtí díẹ̀ lójúmọ́, lè ṣe ju ọ̀pọ̀ olùkọ́ tí Gẹ̀ẹ́sì kò dá lójú lọ, tó ń fi í kọ́ni látàárọ̀ dalẹ́. Àwọn alátakò náà kì í fẹ́ débẹ̀.

Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè ti 1977 fàyè gba èdè abínibí ní ìbẹ̀rẹ̀ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá 2022, nígbà tí Adamu Adamu jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni fún ọdún mẹ́fà gbáko. Mínísítà fúnra rẹ̀ gbà pé yóò ṣòro, pé ìwé àti olùkọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wà. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, Ìgbìmọ̀ Ètò Ẹ̀kọ́ ti Orílẹ̀-èdè pàdé ní Àkúrẹ́, wọ́n fagi lé e. Tunji Alausa, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, kéde rẹ̀ ní Abuja ní oṣù Kọkànlá 2025: Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ìkọ́ni láti jẹ́léósinmi dé yunifásítì. Ìdí tó mú wá ni pé àwọn agbègbè tó lo èdè abínibí jù ni ọmọ ti ń fìdí rẹmi nínú WAEC, NECO àti JAMB, ó sì dárúkọ Ìwọ̀ Oòrùn Àríwá, Ìlà Oòrùn Àríwá àti Ìlà Oòrùn Gúúsù.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ọmọ tó wà ní kíláàsì kìíní nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí ìlànà 2022 kò lè ṣe ìdánwò WAEC ṣáájú 2034. Àwọn tó fìdí rẹmi ní 2025 ti parí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí ìlànà náà tó délẹ̀ rárá.

Máàkì 2025 gan-an tún ní ẹjọ́ tirẹ̀. Nínú nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.9 tó ṣe JAMB lọ́dún náà, àwọn tó lé ní mílíọ̀nù 1.5 kò gba 200. Kò pẹ́ tí àjọ náà jẹ́wọ́ pé àṣìṣe ẹ̀rọ wà, ọ̀gá àgbà rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Olóyèdé, sunkún ní gbangba, wọ́n sì ní kí 379,997 ọmọ tún ìdánwò ṣe. Níbo? Ní Èkó àti ní Ìlà Oòrùn Gúúsù, ọ̀kan lára àwọn agbègbè tí mínísítà padà dárúkọ. WAEC náà kò gbẹ́yìn. Ìwé ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì pẹ́ dé ní oṣù Karùn-ún débi pé àwọn ọmọ kan fi iná tọ́ọ̀ṣì kọ ọ́ lóru. Ní oṣù Kẹjọ, àjọ náà ní ìdá 38.32 nínú ọgọ́rùn-ún ló gba kírẹ́dítì márùn-ún pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ wọ́n kó èsì náà padà, wọ́n ní àṣìṣe wà nínú bí wọ́n ṣe máàkì rẹ̀, ó sì di 62.96. Kò sí ọmọ kankan tó yí èdè tó fi kàwé padà láàrin ọ̀sẹ̀ kan yẹn.

Ọ̀ràn mìíràn tún wà tí a kì í sábà sọ. Nínú ìbéèrè 180 tí JAMB ń bi ọmọ kọ̀ọ̀kan, 60 jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, 40 péré ni ti iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tó kù. Ẹni tó fẹ́ kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Ògbómọ̀ṣọ́ yóò kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè Gẹ̀ẹ́sì tó ju ti físíìsì lọ. Bí a bá wá ní máàkì rẹ̀ kéré, ṣé físíìsì ni kò mọ̀ ni, àbí èdè tí wọ́n fi bi í?

Ọ̀nà tí a fi lè dáhùn ti wà nílẹ̀ láti 1970: ìlú kan náà, kíláàsì oríṣi méjì, ìdánwò kan náà, kí àwọn méjèèjì sì ní olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì kan náà, èyí tí kò rí bẹ́ẹ̀ ní Modákẹ́kẹ́. Ọ̀yọ́ ní ilé ìwé tó ń kọ́ olùkọ́, ti Emmanuel Aláyàndé àti ti àpapọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ní ìpèníjà ara. Olùkọ́ tó lè fi Yorùbá kọ́ ìṣirò dé kíláàsì kẹfà láì yà sí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ní láti kọ́kọ́ kọ́ jáde, ìyẹn sì ń gba owó àti ọdún tí ìlànà 2022 kò rí gbà.