Ohùn Aláìsàn Kí Àìsàn Tó Dìde: Àṣẹ Ẹni Lórí Ìtọ́jú Ọpọlọ, láti Aro dé Igando

Bí àìsàn ọpọlọ bá dìde sí ènìyàn ní Igando, l'Ékòó, aláìsàn kọ́ ló sábà máa ń pinnu ibi tí wọn yóò gbé e lọ. Ìyá, ẹ̀gbọ́n, ọkọ tàbí pásítọ̀ ni yóò sọ ọ́: ọsibítù ìjọba Alimosho tó wà ní Igando, ọsibítù ọpọlọ Yaba, tàbí ilé àdúrà. Ohun tí a ń wádìí ni bí ẹni náà ṣe lè ti sọ tẹnu rẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ dá, kí wọ́n sì tẹ̀ lé e nígbà tí kò bá lè sọ ọ́ mọ́.

Òfin ilẹ̀ wa kò fi bẹ́ẹ̀ ka ohùn yìí sí tẹ́lẹ̀. Ilé ìtọ́jú Yaba bẹ̀rẹ̀ ní 1907. Òfin àwọn amúnisìn ti 1916 sì fún adájọ́ lágbára láti fi ènìyàn sí irú ilé bẹ́ẹ̀. Òfin náà, tí wọ́n tún tò ní 1958, kò kúrò nílẹ̀ títí Ààrẹ Buhari fi fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun ní oṣù kìíní 2023. Òfin tuntun yìí fún aláìsàn ní ẹ̀tọ́ láti dá sí ètò ìtọ́jú ara rẹ̀. Òfin ìlera gbogbogbòò ti 2014 náà sọ pé kí wọ́n ṣàlàyé ìtọ́jú ní èdè tí ó yé aláìsàn, kí wọ́n sì jẹ́ kó mọ̀ pé ó lè kọ̀ ọ́.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti lọ jìnnà sí i. Ní India, òfin 2017 jẹ́ kí àgbàlagbà kọ irú ìtọ́jú tí ó fẹ́ àti èyí tí kò fẹ́ sílẹ̀ ṣáájú, kí ó sì yan aṣojú. Ní England, òfin 2005 gba ìwé tí ènìyàn fi kọ ìtọ́jú tí kò fẹ́ sílẹ̀ ṣáájú, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti fi òfin ìlera ọpọlọ dá ènìyàn dúró sí ọsibítù, dókítà lè kọjá lórí púpọ̀ nínú ohun tí ó kọ.

Àwọn kan ń sọ pé ọ̀ràn òyìnbó ni èyí, pé ẹbí ló ni aláìsàn lọ́dọ̀ tiwa. Aro fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Láti 1954 ni Thomas Adéoyè Lambo ti ń fi àwọn aláìsàn wọ̀ sílé àwọn ará abúlé ní agbègbè Aro, l'Ábẹ́òkúta, ó sì ní kí ìbátan kan bá ẹnìkọ̀ọ̀kan wá, kí ó máa se oúnjẹ, kí ó máa tọ́jú rẹ̀. Ìbátan wà níbẹ̀ láti ran aláìsàn lọ́wọ́. Ẹni tó ń ranni lọ́wọ́ yàtọ̀ sí ẹni tó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni, ibẹ̀ gan-an ni ìwé tí aláìsàn kọ sílẹ̀ ṣáájú ti wúlò.

Ohun tí yóò wà nínú rẹ̀ kò ṣòro: "Bí mi ò bá sùn fún òru mẹ́ta, tí mo ń pín owó kiri, ẹ gbé mi lọ sí ọsibítù. Oògùn haloperidol máa ń jẹ́ kí ọrùn mi yí, ẹ fún mi ní èyí tí mo lò gbẹ̀yìn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni kí ẹ pè. Kí ó gba káàdì báńkì mi pa mọ́, kí ó mú ọmọ lọ síléèwé. Ẹ má sọ fún ibi iṣẹ́ mi. Ẹ má dè mí."

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn kì í ṣe àsọdùn. Ní 2019, àjọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn Human Rights Watch ròyìn bí wọ́n ṣe ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de ènìyàn ní ọsibítù, ilé àdúrà àti ibùdó ìwòsàn ìbílẹ̀ ní Nàìjíríà. Nítorí náà, ìwé tó wà nínú fáìlì dókítà nìkan kò tó. Ó yẹ kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n tí a yàn, kí òmíràn sì wà lọ́wọ́ pásítọ̀ tàbí àlùfáà tí ẹbí máa ń sáré lọ bá, kí ó ti kà á lójú aláìsàn nígbà tí ara rẹ̀ ṣì yá.