Yunifásítì àti Ilé-Ẹ̀kọ́ Gbogboǹṣe ní Ilẹ̀ Nàìjíríà: Ìtàn Ìbátan àti Ìyapa Wọn

1. Ìfáárà

Ní ilẹ̀ Nàìjíríà, ojú ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń wo yunifásítì àti ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe. Yunifásítì ni wọ́n kà sí ẹ̀gbọ́n. Ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe ni wọ́n kà sí ibi tí ẹni tí kò rí àyè ní yunifásítì ń lọ. Èrò yìí ti wọ inú ètò ìgbanisíṣẹ́ àti owó-oṣù, ó sì wà lẹ́nu àwọn òbí tí ń wá ibi tí ọmọ wọn yóò ti kàwé. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú; bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé agboolé kan náà ni àwọn méjèèjì ti ṣẹ̀ wá, àti pé ètò ìjọba ni ó mọ odi sí àárín wọn, kì í ṣe ìmọ̀.

2. Yábàá: Orísun Kan Náà

Lọ́dún 1932 ni ìjọba amúnisìn Gẹ̀ẹ́sì dá Kọ́lẹ́ẹ̀jì Gíga Yábàá sílẹ̀ ní Èkó. Ọdún 1934 ni wọ́n ṣí i ní gbangba. E. R. J. Hussey, olùdarí ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà, ni ó wà nídìí ètò yìí. Wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn, iṣẹ́ àgbẹ̀, iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀, iṣẹ́ ẹnjiníà àti iṣẹ́ olùkọ́ níbẹ̀. Èròńgbà ìjọba ni láti pèsè àwọn ọmọ ilẹ̀ tí yóò máa ran àwọn òyìnbó ọ̀gá lọ́wọ́. Ẹni tí ó kọ́ ìṣègùn ní Yábàá, olùrànlọ́wọ́ dókítà ni yóò dà. Ìwé-ẹ̀rí ibẹ̀ kò sì níyì ní òkè-òkun. Inú ilẹ̀ Nàìjíríà ni agbára rẹ̀ mọ.

Ọ̀rọ̀ yìí bí àwọn ọ̀dọ́ alákọ̀wé Èkó nínú. Lọ́dún 1934, Ernest Ikoli, J. C. Vaughan, H. O. Davies àti Samuel Akínsànyà dá Ẹgbẹ́ Ọ̀dọ́ Èkó sílẹ̀, èyí tí ó di Ẹgbẹ́ Ọ̀dọ́ Nàìjíríà lọ́dún 1936. Àbùkù Yábàá wà lára ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n torí rẹ̀ dìde. Ó yẹ kí a kíyè sí i pé wọn kò kórìíra ẹ̀kọ́ iṣẹ́. Ohun tí wọ́n kọ̀ ni ẹ̀kọ́ tí a ti fi òté lé orí akẹ́kọ̀ọ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀, pé bí ó ti wù kí ó mọ̀ tó, abẹ́ ẹlòmíràn ni yóò wà.

Lẹ́yìn ìròyìn ìgbìmọ̀ Elliot, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀ lọ́dún 1943, a dá Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì sílẹ̀ ní Ìbàdàn lábẹ́ àbójútó Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1948, akẹ́kọ̀ọ́ 104 bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ níbẹ̀. Láti Yábàá ni wọ́n ti kó wọn wá. Ní Yábàá fúnra rẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ kan jogún ipò kọ́lẹ́ẹ̀jì àtijọ́. Ọdún 1947 ni a ka ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sí, òun ni a sì mọ̀ lónìí sí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Yábàá. Nípa báyìí, ìyá kan bí ọmọ méjì: ọ̀kan gba Ìbàdàn lọ pẹ̀lú ìwé, èkejì dúró sí Èkó pẹ̀lú irinṣẹ́. Nígbà tí Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀, kò ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ẹnjiníà rárá.

3. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Tí Yunifásítì Gbé Mì

Láti ọdún 1952 ni ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ Kọ́lẹ́ẹ̀jì Nàìjíríà fún Iṣẹ́ Ọnà, Sáyẹ́ǹsì àti Ìmọ̀ Ẹ̀rọ. Zaria ni wọ́n kọ́kọ́ ṣí, kí wọ́n tó ṣí ti Ìbàdàn àti ti Enugu. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ni ní ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí Yunifásítì Ìbàdàn kò fọwọ́ kàn. Àmọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí kò pẹ́ láyé. Ìgbìmọ̀ Ashby, tí a gbé kalẹ̀ lọ́dún 1959, fi ìròyìn rẹ̀ síta lọ́dún 1960, ó sì dá a lábàá pé kí yunifásítì pọ̀ sí i. Ibi tí ilé, olùkọ́ àti irinṣẹ́ ti wà nílẹ̀ ni ìjọba yíjú sí. Ẹ̀ka Enugu di ti Yunifásítì Nàìjíríà, Nsukka, lọ́dún 1961; lọ́dún 1962, ti Zaria di Yunifásítì Ahmadu Bello, ti Ìbàdàn sì di ibi tí Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, kí ó tó kó lọ sí Ilé-Ifẹ̀ lọ́dún 1967.

Èyí ni ìgbà kejì tí a fi ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ṣe ìpìlẹ̀ yunifásítì. Èrè wà nínú rẹ̀, nítorí pé ẹ̀kọ́ ẹnjiníà rí ilé tí ó níyì. Àdánù wà níbẹ̀ pẹ̀lú: àyè tí kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí fi sílẹ̀ ṣófo. Orílẹ̀-èdè tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira ń wá àwọn tí yóò wà láàárín ẹnjiníà tí ń ya àwòrán afárá àti òṣìṣẹ́ tí ń po kọnkéré. Láti dí àyè yìí ni a fi dá Ilé-Ẹ̀kọ́ Gbogboǹṣe Kàdúná sílẹ̀ lọ́dún 1968, àti ti Ìbàdàn lọ́dún 1970. Nígbà tí ó di ọdún 1977, ìjọba àpapọ̀ gbé àjọ alábòójútó ẹ̀kọ́ iṣẹ́ kalẹ̀. Àwọn yunifásítì ti ní àjọ tiwọn láti ọdún 1962. Alábòójútó di méjì, ìwé-ẹ̀rí di méjì, odi sì dìde.

4. Odi àti Ilẹ̀kùn

Nínú ètò ẹ̀kọ́, ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì kò ṣòro láti rí. Akẹ́kọ̀ọ́ gbogboǹṣe máa ń lo ọdún méjì fún ìwé-ẹ̀rí ND, yóò lọ ṣiṣẹ́ fún ọdún kan, yóò sì padà wá lo ọdún méjì mìíràn fún HND. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń lo ọdún mẹ́rin, tàbí márùn-ún bí ó bá jẹ́ ẹnjiníà, ó sì ń kọ́ nípa ìdí tí nǹkan fi rí bí ó ti rí ju bí a ti ń ṣe é lọ.

Ibi tí bàtà ti ń ta ni lẹ́sẹ̀ ni ẹnu iṣẹ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìpele 8 ni ẹni tí ó gba oyè yunifásítì fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìjọba, ìpele 7 ni ti ẹni tí ó ní HND. Ìpele 14 sì ni òpin tí a pa fún un. Ẹni tí ó lè tún ẹ̀rọ ṣe tí ó sì lè darí àwọn tí ń tún un ṣe kò lè di olùdarí. Ìyẹn ni òté Yábàá tí ó tún padà wá. Ọmọ ilẹ̀ ni ó wá ń fi lé ọmọ ilẹ̀ lórí. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ṣe ń padà sí yunifásítì láti gba ìwé mìíràn. Lọ́dún 2021, àwọn aṣòfin àgbà ní Àbújá fọwọ́ sí àbádòfin tí yóò mú ìyàtọ̀ yìí kúrò, ṣùgbọ́n àríyànjiyàn kò tán.

Síbẹ̀, odi náà ní ilẹ̀kùn. Ẹni tí ó ní ND lè wọ yunifásítì ní ìpele ọdún kejì. Yunifásítì ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ gbogboǹṣe ti ń gba oyè ìjìnlẹ̀. Ètò kan sì wà, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1973, tí ń rán akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì àti ti gbogboǹṣe lọ sí ilé-iṣẹ́ kan náà láti lọ kọ́ṣẹ́. Níwájú ẹ̀rọ, kò sí ẹni tí ń béèrè ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹnìkejì ti wá. Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, òun ni ọwọ́ fi ń mọ́.

5. Ìrírí Àwọn Ẹlòmíràn

Nàìjíríà nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ní Gánà, Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Kumasi di yunifásítì lọ́dún 1961; láti ọdún 2016, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe ibẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í di yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ. Gbogboǹṣe Kẹ́ńyà di yunifásítì lọ́dún 2013. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ti sọ àwọn tirẹ̀ di yunifásítì láti ọdún 1992. Ní Nàìjíríà, Ilé-Ẹ̀kọ́ Gbogboǹṣe Ìpínlẹ̀ Èkó di yunifásítì lọ́dún 2022. Ìtàn Zaria àti Enugu ni ó tún ń wáyé. Bí orúkọ bá yí padà tí a kò sì dá ilé mìíràn sílẹ̀ fún iṣẹ́ tí orúkọ àtijọ́ ń ṣe, àyè yóò tún ṣófo.

6. Ìkádìí

Ìtàn yìí fi hàn pé àbùkù ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe kò sí nínú ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Àwọn amúnisìn ni ó kọ́kọ́ so ẹ̀kọ́ iṣẹ́ mọ́ ipò ìrànlọ́wọ́. Àwọn ìjọba tí ó tẹ̀ lé wọn kò tú ìdè náà. Fífún ilé-ẹ̀kọ́ ní orúkọ yunifásítì kò lè tú u. Ohun tí ó lè tú u ni kí ipò àti owó-oṣù máa tẹ̀ lé ohun tí òṣìṣẹ́ mọ̀ ọ́n ṣe, kí ọ̀nà tí ó ti ibì kan dé ibì kejì sì ṣí sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ rìn ín. Àwọn ọ̀dọ́ Èkó ti béèrè bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1934.