Ìmúra fún Alẹ́ Ijó: Ìtàn Àwọn Òǹwòran Bálè ní Ìlú New York

Bí a bá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní orí-ọ̀rọ̀ àròkọ tí ó jẹ mọ́ òde alẹ́, ìbáà jẹ́ eré orí ìtàgé, ìbáà jẹ́ ijó, ọ̀nà kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń gbà kọ ọ́. Wọn a ti wọ gbọ̀ngàn ní gbólóhùn kejì, ìlù a bẹ̀rẹ̀ sí í dún ní ìkẹta, wọn a sì máa ròyìn aṣọ àti ẹsẹ̀ àwọn oníjó títí ojú ìwé yóò fi kún. Ta ni ó san owó ìwọlé? Ọjọ́ wo ni wọ́n lọ? Báwo ni wọ́n ṣe dé ibẹ̀, báwo ni wọ́n sì ṣe padà sílé lóru? A kì í bá ìwọ̀nyí nínú àròkọ wọn. Àwa tí a ń yẹ iṣẹ́ wọn wò a máa bá wọn wí nítorí èyí, ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ sọ òtítọ́, ọ̀pọ̀ òpìtàn pàápàá kò sàn jù wọ́n lọ. Ìtàn ijó tí wọ́n kọ kún fún orúkọ oníjó àti orúkọ àwọn tí ó dá ijó sílẹ̀. Ẹni tí ó jókòó tí ó ń wòran kò fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀.

Ìmúra àtilọ wo ijó ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ yìí: iye owó, ọjọ́, aago, ibi tí ilé ijó wà, àti irú ẹni tí ó lè rò ó lọ́kàn rẹ̀ pé òun náà lè lọ. Ẹgbẹ́ New York City Ballet ni a mú ṣe àpẹẹrẹ. Ìlú wà nínú orúkọ ẹgbẹ́ náà, ó sì yẹ kí a bèèrè irú ará ìlú tí orúkọ yìí ń tọ́ka sí. Èrò tiwa ni pé àwọn tí ó dá iye owó tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n sì yan aago ni wọ́n yan òǹwòran, kí oníjó kankan tó gbé ẹsẹ̀ rárá.

Ọ̀rọ̀ kan nípa àkọtọ́ kí a tó máa lọ. Bálè ni a óò máa kọ. Ẹlòmíràn lè fẹ́ láti kọ ọ́ ní bálẹ́ẹ̀tì nítorí t tí ó rí ní ìparí ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n àwọn Faransé tí ó ni ín kì í pe t yìí, àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí ó yá a lọ́wọ́ wọn kì í sì í pè é. Kí olùkọ́ ṣáà ṣọ́ ohùn orí rẹ̀ dáadáa, kí ọmọ má baà sọ ọ́ di baálẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ijó òyìnbó ni ó ń jẹ́ bálè. Ààfin Ítálì àti ti Faransé ni ó ti ṣẹ̀. Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan inú rẹ̀ ni ó ní orúkọ. Àwọn obìnrin inú rẹ̀ a sì máa fi ṣóńṣó ọmọ-ìka ẹsẹ̀ dúró nínú bàtà líle.

Kí ọdún 1943 tó dé, ilé eré Metropolitan Opera, tí ó wà ní Broadway nígbà náà, jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú ibi tí a ti ń wo bálè ní New York. Nígbà tí wọ́n ṣí ilé náà ní 1883, àwọn ìdílé olówó ni ó ni àwọn yàrá kéékèèké tí ó yí gbọ̀ngàn ká. Dáyámọ́ńdì ọrùn àwọn obìnrin wọn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi sọ apá ibẹ̀ ní orúkọ. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ kò ní ìmúra púpọ̀ láti ṣe, àyè wọn wà nílẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Mẹ̀kúnnù náà lè ra àyè, ṣùgbọ́n òkè téńté ni yóò ti máa yọjú wo ìtàgé.

Ilé mìíràn wà ní òpópónà 55 tí ẹgbẹ́ àwọn Shriners kọ́, tí wọ́n parí ní 1924. Mecca Temple ni wọ́n pè é, wọ́n sì ṣe òrùlé rẹ̀ rìbìtì bí ti mọ́sáláṣí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹgbẹ́ náà kì í ṣe ti Mùsùlùmí. Gbèsè owó orí gbé ilé náà bọ́ sọ́wọ́ ìjọba ìlú. Fiorello La Guardia tí ó jẹ́ olórí ìlú nígbà náà, àti Newbold Morris, olórí ìgbìmọ̀ aṣòfin ìlú, sọ ọ́ di City Center of Music and Drama. Ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá 1943 ni wọ́n ṣí i, ọjọ́ tí La Guardia pé ọmọ ọdún 61. Ogun Àgbáyé Kejì ń lọ lọ́wọ́. Tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ náà kò tó dọ́là méjì.

Owó yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń tọ́ka sí, ṣùgbọ́n aago ni ó wù wá jù. Ní 1944, nígbà tí Leopold Stokowski dá ẹgbẹ́ olórin New York City Symphony sílẹ̀ fún ilé yìí, aago tí òṣìṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde níbi iṣẹ́ ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi eré wọn sí. Kí a ro ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Bí eré bá bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́jọ ààbọ̀ alẹ́, akọ̀wé tí ó ń gbé ìkangun ìlú ní láti kọ́kọ́ relé, kí ó jẹun, kí ó pààrọ̀ aṣọ, kí ó wá ẹni tí yóò bá a tọ́jú ọmọ, kí ó sì tún wọ ọkọ̀ padà sáàrin ìlú. Ó ti san owó ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó rí tíkẹ́ẹ̀tì rà. Ṣùgbọ́n bí ó bá lè gba ibi iṣẹ́ kọjá sí ilé eré, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, ìmúra rẹ̀ ti parí. Ẹni tí ó bá sọ pé owó nìkan ni ó ń dá mẹ̀kúnnù dúró kò tíì ka aago mọ́ owó. (Ní oṣù Kẹfà ọdún kan náà ni Hubert Ògúndé gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní Glover Hall ní Èkó. Òun àti àwọn tí ó tọ ipa rẹ̀ wá yanjú ọ̀rọ̀ yìí ní ọ̀nà mìíràn: ìlú dé ìlú ni wọ́n ń gbé eré lọ bá òǹwòran.)

Bálè kò tíì bá wa dé òpópónà 55. George Balanchine, ará Rọ́ṣíà tí wọ́n bí ní 1904, dé Amẹ́ríkà ní 1933. Lincoln Kirstein, ọmọ olówó tí ó fẹ́ràn ijó, ni ó pè é. Ní 1946 àwọn méjèèjì dá Ballet Society sílẹ̀. Ẹni tí kò bá forúkọ sílẹ̀ tí kò sì san owó ọdún kò lè wọlé. Wọn kì í ta tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà, wọn kì í sì í fún àwọn oníwèé ìròyìn ní ọ̀fẹ́. Gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ kan tí a ti ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ ni wọ́n ti ṣe alẹ́ wọn àkọ́kọ́. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí: gbọ̀ngàn ọmọ aránṣọ, ṣùgbọ́n aránṣọ kankan kò lè dédé yà wọ ibẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Owó kò tó wọn ná. Ní 1948, Morton Baum, tí ó ń mójú tó owó City Center, rí iṣẹ́ wọn, ó sì ní kí wọ́n wá máa jó lọ́dọ̀ àwọn. Bí ẹgbẹ́ tí kò ta tíkẹ́ẹ̀tì fún ará ìta ṣe di ti ìlú nìyẹn.

Ọjọ́ 11 oṣù Kẹwàá 1948 ni New York City Ballet kọ́kọ́ jó ní orúkọ rẹ̀ yìí. Ọjọ́ Ajé ni. Ọjọ́ Ajé àti ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìkan ni wọ́n fún wọn, nítorí pé àwọn elére opẹ́rà ti gba òpin ọ̀sẹ̀. Ta ni ó ń ṣe fàájì ní ọjọ́ Ajé? Òṣìṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni, kò sì jọni lójú pé àyè máa ń ṣófo. *Firebird* tí Maria Tallchief jó ní 1949, tí baba rẹ̀ jẹ́ ọmọ Osage, àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà, ni ó kọ́kọ́ fa èrò. Lẹ́yìn náà ni *The Nutcracker* dé ní ọjọ́ 2 oṣù Kejì 1954, tí àwọn ọmọdé wà nínú àwọn oníjó rẹ̀. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó fi í kún ètò ọdún Kérésìmesì wọn.

A ti dé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti le jù. Kò sí òfin kan ní New York tí ó ní kí aláwọ̀ dúdú má wọ City Center. Láti òpópónà 125 ní Harlem, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní A kì í dúró níbì kankan tí yóò fi dé òpópónà 59. Ìrìn díẹ̀ ni ó kù. Owó ọkọ̀ náà, sẹ́ǹtì mẹ́wàá ni láti oṣù Keje 1948. Tíkẹ́ẹ̀tì kò wọ́n, ọ̀nà kò jìn. Síbẹ̀, kí a sọ pé ìyá kan ní Harlem fẹ́ mú ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ wo bálè ní ọdún yẹn. Ta ni yóò fi hàn án lórí ìtàgé? Kirstein ti ronú kan èyí tipẹ́. Nínú lẹ́tà gígùn kan tí ó kọ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní oṣù Keje 1933, ó gbèrò láti kó ọmọ 16 jọ, kí mẹ́jọ jẹ́ funfun, kí mẹ́jọ jẹ́ dúdú. Ètò yìí kò ṣẹ. Àwọn aláwọ̀ dúdú díẹ̀ bá ẹgbẹ́ náà jó fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún 1955 ni Arthur Mitchell, ọmọ Harlem gan-an, wọlé tí ó sì dúró. Ní oṣù Kejìlá 1957, Balanchine fi òun àti Diana Adams, obìnrin funfun, jó ijó ẹni méjì inú *Agon*, ọwọ́ nínú ọwọ́. City Center rí i. Àwọn oníṣòwò tẹlifísàn kò gbé e jáde títí di 1968. Ọdún yẹn náà ni wọ́n pa Martin Luther King, ikú yìí ni ó sì mú kí Mitchell padà sí Harlem, tí òun àti Karel Shook fi dá Dance Theatre of Harlem sílẹ̀ ní 1969.

A kò gbọdọ̀ gbàgbé pé bí àwọn kan ti ń wọ́nà láti wọ inú bálè, àwọn mìíràn ń wá ijó níbòmíràn. Ní 1948 tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ni Pearl Primus rí owó ìrànlọ́wọ́ Rosenwald gbà láti wá kọ́ ijó ní Áfíríkà. Ọ̀dọ̀ wa níbí ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Ọmọ́wálé.

Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin 1964, wọ́n ṣí New York State Theater ní Lincoln Center, bálè sì kó lọ síbẹ̀. Philip Johnson ni ó ya àwòrán ilé náà, àyè inú rẹ̀ tó 2,700. Ìtàgé rẹ̀ dára fún ẹsẹ̀ oníjó ju ti àtijọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí wọ́n kọ́ gbogbo Lincoln Center lé kì í ṣe ilẹ̀ òfìfo. San Juan Hill ni wọ́n ń pe apá àdúgbò náà. Àwọn aláwọ̀ dúdú àti àwọn ará Puerto Rico pọ̀ níbẹ̀. Ìdílé tí ó ju 7,000 lọ ni wọ́n kó kúrò kí wọ́n tó wó ilé wọn. Àwọn tí ì bá fi ẹsẹ̀ rìn lọ wo bálè kò sí nítòsí mọ́ nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí. Kò pẹ́ tí ẹgbẹ́ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta àyè fún odidi sáà lápapọ̀. Owó ń wọlé ṣáájú ijó, èyí sì dára fún àpò ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n ó yí ìmúra padà. Ẹni tí ó lè fi oṣù púpọ̀ ṣáájú mọ alẹ́ tí òun yóò ráyè ni ètò bẹ́ẹ̀ bá lára mu. Òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń yí àsìkò iṣẹ́ rẹ̀ padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Lójú tiwa, èyí súnmọ́ Ballet Society ju bí ó ti súnmọ́ La Guardia lọ.

Láti 2008 ni ilé náà ti ń jẹ́ orúkọ David H. Koch, ẹni tí ó fún un ní ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù dọ́là. Àrùn kòrónà tì í pa láti oṣù Kẹta 2020 títí di oṣù Kẹsàn-án 2021. Ẹni tí ó bá ń lọ síbẹ̀ a máa sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdó ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ òpópónà 66. Bí ó bá pẹ́ dé, ó di ìgbà tí wọ́n bá dánu dúró kí ó tó lè jókòó.

City Center ṣì wà ní òpópónà 55 pẹ̀lú òrùlé rìbìtì rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ àjọ̀dún ijó kan níbẹ̀ ní 2004, dọ́là mẹ́wàá ni tíkẹ́ẹ̀tì, àwọn ènìyàn sì tò lọ rẹrẹẹrẹ láti rà á. Bí oṣù Kejìlá bá dé, ẹgbẹ́ tí Alvin Ailey, ọmọ aláwọ̀ dúdú láti Texas, dá sílẹ̀ ní 1958 ni ó máa ń jó nínú ilé yìí. Ní àkókò kan náà, *The Nutcracker* ń lọ lọ́wọ́ ní Lincoln Center. Ìyá tí ó bá ń múra láti mú ọmọ rẹ̀ jáde lálẹ́ nísinsìnyí, láàrin ilé méjèèjì ni yóò ti yàn, ẹsẹ̀ sì tó láti ti ọ̀kan dé èkejì.